Ọwọ́ bàbá mi ń gbọ̀n: ṣé ká ta ilẹ̀ lọ gbin sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tuntun?

Oníbèéèrè:

Bàbá mi pé 71 lọ́dún yìí. Òkè-Àdó, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ni wọ́n ń gbé. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ń gbọ̀n. Dókítà ní Parkinson ni, ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọpọlọ wọn ló ń kú. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó wá fi ìròyìn ránṣẹ́ pé àwọn ará Japan ti ń gbin sẹ́ẹ̀lì tuntun sínú ọpọlọ èèyàn. Ó ní ká ta ilẹ̀ wa tó wà lọ́nà Ìkòyí-Ilé, ká gbé bàbá lọ. Àbúrò bàbá mi ní ká má dá ara wa láàmú, pé ìyẹ̀fun wèrèpè tí wọ́n ń tà lọ́jà ti tó. Màmá mi ní tiwọn ní ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀, pé lẹ́yìn ìjà ẹbí kan ló bẹ̀rẹ̀. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn mẹ́ta yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

* * *

Má ta ilẹ̀. Gbọ́ ìyẹn ná, ká tó sọ ìyókù.

Èmi kì í ṣe dókítà. Láàbù ni mo ti fi ọdún 29 jẹun, níbi tí wọ́n ti ń gé ẹran ara èèyàn pẹ́lẹ́bẹ́ kí àwọn dókítà lè wò ó lábẹ́ maikiroskóòpù. Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, ṣùgbọ́n Màmá Láàbù ni wọ́n ṣì ń pè mí ládùúgbò. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni màá kọ́kọ́ sọ fún ẹ.

Ọpọlọ tútù kò ṣeé gé. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ńṣe la máa ń ki òwú bọ abẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nísàlẹ̀ rẹ̀, tá a ó fi gbé e kọ́ sínú ike fọ́málìnì, kó dorí kodò, kó má fara kan ìsàlẹ̀ ike kó má baà tẹ́. Ó ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó le bíi wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà. Bá a bá wá fi ọ̀bẹ la òkè ibi tí ọpọlọ ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, wàá rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí ìgbà tí ọmọge lé tìróò. Ojú lásán lèèyàn fi ń rí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ló dúdú bẹ́ẹ̀, àwọn ló sì ń pèsè dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ geere.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo bá wọn gé ọpọlọ ẹni tó ní Parkinson. Tìróò ti ṣí. Ibẹ̀ ti ṣá, bí ojú ìyàwó tó sunkún títí tí tìróò fi wẹ̀ dànù.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn nínú ọpọlọ èèyàn tó bílíọ̀nù 86. Suzana Herculano-Houzel, ọmọ Brazil, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kà á, àbọ̀ ẹ̀ jáde ní 2009. Ńṣe ni wọ́n lọ ọpọlọ di ọbẹ̀ kí wọ́n tó lè kà á (ẹ má bínú, ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́). Àwọn tó wà nínú ìlà dúdú yẹn kò tó mílíọ̀nù kan. Ìwọ̀nba wọ̀nyẹn ló ń kú lára bàbá ẹ, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ọwọ́ tó gbọ̀n rárá, púpọ̀ nínú wọn ti lọ.

* * *

Ẹni mẹ́rin ti kọ̀wé pé mò ń dínà ìwòsàn mọ́ bàbá ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ wọn kò ju ọ̀kan lọ: òyìnbó ti rí i ṣe, owó ló kù. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ṣe gan-an.

Ìròyìn náà kì í ṣe irọ́. Oṣù Kẹrin 2025 ló jáde. Ní Kyoto, ní Japan, èèyàn méje tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 50 sí 69 ni wọ́n dá ihò sí lágbárí, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbin sẹ́ẹ̀lì láàrin mílíọ̀nù 5 sí 10 sínú ọpọlọ wọn, tọ̀tún tòsì. Ara ẹlòmíì ni wọ́n ti mú sẹ́ẹ̀lì náà. Wọ́n dá a padà sí ìgbà tí kò tíì yan iṣẹ́ kankan, wọ́n wá kọ́ ọ níṣẹ́ dopamine. Shinya Yamanaka ló kọ́kọ́ rí ọgbọ́n dídá sẹ́ẹ̀lì padà séwe yìí, lára eku ní 2006. Òun náà ló fà á tí wọ́n fi fún un ní Nobel ní 2012. Wọ́n ṣọ́ àwọn méje yìí fún ọdún méjì. Kò sí èyí tí kókó burúkú hù nínú orí ẹ̀. Nínú mẹ́fà tí wọ́n wọn bí ara wọn ṣe ń ṣe nígbà tí oògùn kò sí lára, mẹ́rin ló sàn ju ti tẹ́lẹ̀. Lóṣù kan náà ni àbọ̀ irú rẹ̀ jáde láti Amẹ́ríkà àti Kánádà, lára èèyàn 12.

Inú mi dùn sí i, mi ò ní parọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n méje àti 12, àpapọ̀ wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju èrò bọ́ọ̀sì kan láti Tákíẹ́ dé Ìbàdàn lọ. Ohun tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ń wádìí ni bóyá kò ní pa èèyàn lára. Wọ́n sì ní láti máa lo oògùn tó ń tẹ ọmọ ogun ara lórí ba, kí ara má baà lé àlejò sẹ́ẹ̀lì jáde. Ní Kyoto, ó dáa. Lóde ibà àti taifọ́ọ̀dù wa yìí ńkọ́?

Ẹni ọdún 71 sì ni bàbá ẹ. Àti pé ìdánwò tòótọ́ kì í ní kí aláìsàn mú owó ilẹ̀ wá. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ gbé owó wá, kì í ṣe àwọn ará Kyoto yẹn lò ń bá sọ̀rọ̀.

* * *

Sí ọ̀gbẹ́ni tó gbé àwòrán ṣáṣẹ́ẹ̀tì sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi mu, tó ní sẹ́ẹ̀lì àtúnhù ló wà nínú ẹ̀, àti pé téèyàn bá mú ẹni mẹ́ta wọlé òun náà á máa gba owó. Sẹ́ẹ̀lì tó o bá gbé mì, inú ẹ á dà á bó ṣe ń da pọ̀nmọ́. Kò sí èyí tó máa gun òkè lọ sí orí.

* * *

Ó kan wèrèpè. Àwọn èèyàn ti pín sí méjì: àwọn kan ní oògùn baba ńlá wa ni, òyìnbó ló jí i, àwọn kan ní ẹ̀tàn àwọn àgbà ọjà ni. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra.

Ẹni tó bá dàgbà lóko ò nílò kí n júwe wèrèpè fún un. Irun ara èèpo ẹ̀ ló máa ń yún ni bí ẹni pé ká bọ́ awọ sílẹ̀. Mo ṣì rántí ọjọ́ tí mo jókòó lé e, tí ìyá ìyá mi ń fi eérú ra mí lára, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n inú kóró ẹ̀ ni levodopa wà, ohun kan náà tó wà nínú táblẹ́ẹ̀tì tí dókítà ń kọ fún oní-Parkinson. Ní 2017, àwọn dókítà ọmọ Ítálì kan gbé àbọ̀ jáde lórí aláìsàn 18 ní Bolivia. Wọ́n yan kóró wèrèpè, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n gbé e dojú kọ oògùn kẹ́mísì. Ó ṣiṣẹ́. Nítorí náà àbúrò bàbá ẹ kò parọ́.

Ibi tí mo ti yapa sí wọn ni òṣùwọ̀n. Ní Bolivia, wọ́n wọn levodopa inú ìyẹ̀fun, wọ́n sì wọn aláìsàn kí wọ́n tó bù ú fún un. Lọ́jà wa, ṣíbí ìyá olóògùn ni òṣùwọ̀n. Kóró ti ọdún yìí lè lágbára ju ti èṣí lọ, ta ló wọ̀n ọ́n? Oògùn kẹ́mísì tún ní ìkejì kan nínú tó ń ṣọ́ levodopa lọ́nà, kí ara má baà jẹ ẹ́ tán kó tó dé ọpọlọ. Wèrèpè kò ní ẹ̀ṣọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tó fi ń gba púpọ̀, tó sì ń rìn ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn.

Èyí tó burú jù ni kéèyàn máa lo méjèèjì pọ̀ láìsọ fún dókítà. Ìbátan ọkọ mi kan ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n ṣe é. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ọmọdé nínú yàrá lóru. Kò bẹ̀rù wọn o, ńṣe ló máa ń ní kí ìyàwó òun bu oúnjẹ fún wọn. Wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà fún ọjọ́ méje. Níbẹ̀, kò rí wèrèpè mu. Ní ọjọ́ kẹrin àwọn ọmọdé náà kò wá mọ́, ni gbogbo ilé bá ní àdúrà ti gbà. Bí wọ́n ṣe délé, ó tún padà sídìí agolo ẹ̀, àwọn ọmọ náà sì padà. Levodopa tó bá ti pọ̀ jù lára lè ṣe bẹ́ẹ̀: kéèyàn máa rí ohun tí kò sí, kí ara máa lọ́ bí ejò, kí ojú ṣú béèyàn bá dìde lójijì.

Ohun kan tí àwọn ọ̀tá méjèèjì kò sọ ni pé wèrèpè kò tún sẹ́ẹ̀lì kankan ṣe. Táblẹ́ẹ̀tì náà kò tún un ṣe. Àmù ló ń jò. Omi la ṣì ń bù kún un.

* * *

Àwọn mélòó kan ti ń kọ ọ́ pé ọwọ́ tiwọn náà ń gbọ̀n, ẹ̀rù ti bà wọ́n. Ẹ fara balẹ̀. Ti Parkinson sábà máa ń gbọ̀n nígbà tí ọwọ́ bá sinmi lórí itan, àtàǹpàkò á máa ra ìka ìlábẹ̀lá bí ẹni tó ń ka tẹ̀súbáà. Ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lápá kan. Tó bá jẹ́ ìgbà tó o bá gbé ife tàbí ṣíbí ni tìrẹ ń gbọ̀n, tí bàbá tàbí ìyá ẹ náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú mìíràn, tó pọ̀ jù ú lọ. Ẹ tún wo àpò oògùn yín. Oògùn èébì metoclopramide, oògùn òòyì cinnarizine, àti àwọn oògùn ọpọlọ kan bíi haloperidol lè mú kéèyàn máa gbọ̀n, kó sì le gbagidi bí oní-Parkinson. Lọ bi dókítà. Má dá a dúró fúnra ẹ.

* * *

Màmá ẹ wá ńkọ́? Mi ò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìjà ẹbí ni gbígbọ̀n yẹn bẹ̀rẹ̀, kí ni wọn ì bá rò? Ṣùgbọ́n bá mi bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta. Ìgbà wo ni bàbá ti dẹ́kun gbígbọ́ òórùn irú nínú ọbẹ̀? Ìgbà wo ni ìgbẹ́ ti ń le mọ́ wọn? Ìgbà wo ni wọ́n ti ń pariwo, tí wọ́n ń ju ẹ̀ṣẹ́ lójú oorun?

* * *

Oníbèéèrè:

Màmá, ta ló sọ fún yín? Ọdún kẹfà nìyí tí wọ́n ti ń ju ẹ̀ṣẹ́ lóru. Wọ́n gbá màmá mi létí lọ́dún Kòrónà, wọ́n ní àwọn ń lé ajá lójú àlá. Ti irú náà, màmá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní ó ti pẹ́ tí bàbá ti ń sọ pé ọbẹ̀ àwọn kò ní adùn mọ́. Àwọn rò pé ìyàwó mìíràn ni wọ́n ti ń jẹun lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ìjà ẹbí yẹn, ọdún méjì ni.

* * *

Ṣé ẹ rí i? Irú àwọn àmì yẹn sábà máa ń ṣíwájú gbígbọ̀n Parkinson ní ọ̀pọ̀ ọdún, tiwọn sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ìjà ẹbí tó dé. Ẹnìkan á ṣì sọ pé ayé lè bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kẹfà. Mi ò bá a jiyàn, n kò ní ẹ̀rọ tí mo fi ń wo ayé.

Ti ẹni tó ní àrùn òyìnbó ni, pé kò sí lára ẹ̀yà tiwa, ìyẹn ni màá bá jà. Òótọ́ ni pé London ni James Parkinson ti kọ ìwé nípa ẹ̀ ní 1817, lórí èèyàn mẹ́fà péré, tó jẹ́ pé ojú títì ló ti rí àwọn kan nínú wọn. Orúkọ ẹ̀ ló jẹ́ ti òyìnbó. Lóṣù Kẹjọ 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Èkó àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kárí ayé gbé àbọ̀ ìwádìí jáde, tí púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn tí wọ́n yẹ̀ wò jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n rí àyípadà kan nínú jíìnì (ìyẹn ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tá a ń jogún lọ́dọ̀ òbí) tí wọ́n ń pè ní GBA1, èyí tó ń bójú tó gbígbá pàǹtí inú sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó jogún ẹ̀dà kan, ewu Parkinson rẹ̀ fi bí ìlọ́po 1.5 ju ti ẹlòmíì. Ẹni tó gbà á lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá, bí ìlọ́po 3.5. Wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i lára òyìnbó rárá! Ojú ará ilé wa la fi rí i.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tó ní i ló máa ṣàìsàn o. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: ká ní a ò kà wá mọ́ ọn, oògùn tí wọ́n bá ṣe fún GBA1 ti òyìnbó lè má bá tiwa mu.

* * *

A ti ya kúrò lọ́nà díẹ̀, àwọn èèyàn ń béèrè nípa ṣíṣarán. Ìyá kan tó gbàgbé orúkọ ọmọ tó gbé e dání, ṣé ọjọ́ orí lásán nìyẹn? Rárá. Ọ̀pọ̀ arúgbó kì í ṣarán. Ní 1992 ni àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìdíkàn n'Ìbàdàn, tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Àbọ̀ tó jáde ní 2001 ni pé nínú 100 ẹni tó lé ní 65, bí 1.35 ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán lọ́dún kan n'Ìbàdàn. Ní Indianapolis, 3.24 ni. Jíìnì APOE4, tó ń mú kí ewu ìṣarán òyìnbó pọ̀ sí i, kò fi bẹ́ẹ̀ da àwọn ará Ìdíkàn láàmú.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn fọ́nnu. Àwọn àgbà ìgbà náà ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò tó tiwa. Àwa ń gun ọ̀kadà láti ilé dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ti lecanemab, oògùn tuntun tí wọ́n ń pariwo fún Alzheimer, irú ìṣarán kan: ó ń kó ìdọ̀tí kan tó ń dì sí àárín sẹ́ẹ̀lì kúrò. Ní oṣù 18 ó dín bí àìsàn ṣe ń yára burú kù ní ìdá 27 nínú 100. Ó dín in kù ni, kò dá ìrántí padà. Ó lè mú ọpọlọ wú, ó lè mú un ṣẹ̀jẹ̀, owó ẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì jẹ́ 26,500 dọ́là lọ́dún nígbà tó jáde. Ẹ wọn ìfúnpá ìyá yín ná.

* * *

“Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kì í hù mọ́ láyé.” Wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé ìwé. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ṣì ń jà lórí ẹ̀. Ní 2018 nìkan, ẹgbẹ́ kan ní San Francisco ní àwọn kò rí tuntun kankan lára àgbàlagbà. Oṣù kan lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ kan ní New York ní àwọn rí i rẹpẹtẹ. Lóṣù Keje 2025, àwọn ará Sweden ní àwọn rí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá tó ń pín ara wọn lára àwọn àgbàlagbà kan. Èmi ń gbè sẹ́yìn àwọn tó ní ó ń hù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi ìrántí ni gbogbo wọn ń jà lé, wọn kò sọ̀rọ̀ ibi ìlà dúdú. Bàbá wa kò jèrè nínú ìjà yẹn.

* * *

Ọmọ kan tó ń kàwé ní LAUTECH bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń rí ọpọlọ gé. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ní 2023 wọ́n gbé àwòrán ọpọlọ èèyàn jáde tí irú sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ ju 3,000 lọ. Ẹni tó kú ló fún wọn lọ́pọlọ, tàbí ẹbí ẹ̀. N'Ìbàdàn, Rufus Akinyẹmí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ibi ìtọ́jú ọpọlọ sílẹ̀ fún ìwádìí ọjọ́ ogbó àti àrùn ìgbàgbé. Níbo ni wọ́n ti máa rí i? Mùsùlùmí fẹ́ sìnkú kí oòrùn tó wọ̀. Kìrìsìtẹ́nì fẹ́ kí òkú pé pérépéré dìde lọ́jọ́ ìkẹyìn. Bàbá kan sọ fún mi lójú mi pé kí Babátúndé má lọ tún dé pẹ̀lú orí òfìfo.

Mo sọ fún àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ Àjíǹde pé bí mo bá kú, kí wọ́n fún wọn ní tèmi. Ọmọkùnrin mi dìde kúrò nídìí oúnjẹ. A ò tíì parí ọ̀rọ̀ náà.

* * *

Oníbèéèrè:

A ti padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó fún wọn ní táblẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ó ní kí wọ́n gbé wèrèpè jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bàbá mi de bọ́tìnì aṣọ wọn fúnra wọn. Ìgbà kìíní nìyẹn láti ọdún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ti àárọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n, tọ̀sán ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní ẹ̀rí pé oògùn Nàìjíríà kò dáa nìyẹn, pé ilẹ̀ títà ló kù.

* * *

Kí ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀?

* * *

Oníbèéèrè:

Ẹ̀wà àti ẹ̀kọ. Tàbí ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé.

* * *

Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ kó fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni levodopa àti èròjà ẹ̀wà ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀, òun náà ni wọ́n tún ń gbà wọ ọpọlọ. Ẹ̀wà pọ̀ jù ú lọ, á dí i lọ́nà. Ẹran àti ẹyin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi omi lo oògùn ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí wọ́n tó jẹun. Kí wọ́n mu ògì láàárọ̀, kí wọ́n gbé ẹ̀wà sí alẹ́. Bí kò bá yàtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà ni kó yí òṣùwọ̀n padà, ẹ má dá a yí.

* * *

Oníbèéèrè:

Bàbá gbà. Màmá mi ló kọ̀. Wọ́n ní àwọn àti ẹni tó jẹ ẹ̀wà lálẹ́ kò ní jọ sùn nínú yàrá kan.

* * *

Ẹni tó ń ju ẹ̀ṣẹ́ lójú oorun láti ọdún kẹfà, wọ́n ṣì ń jọ sùn? Ẹ tẹ́ ibùsùn tiwọn fún màmá.